Ọdún Ta Ni À Ń Ṣe ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ìjọba?

Ìbéèrè tí ẹ gbé fún mi ni pé ṣé ó tọ́ kí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba máa ṣọdún. Ẹni tó bá gbọ́ ọ báyìí á rò pé a ò tíì bẹ̀rẹ̀. A ti ń ṣe é tipẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni ọdún ta ni à ń ṣe, ta ló yàn án fún wa, àti ibo la fi ọmọ tí kò ni ọdún náà sí lọ́jọ́ tí à ń ṣe é.

Ẹ bá mi wo ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn sáà kìíní ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Àkúrẹ́. Ìdánwò ti parí, olùkọ́ ń ro máàkì pọ̀. Wọ́n ti so rìbọ́ọ̀nù mọ́ fèrèsé. Wọ́n fi òwú ṣe irùngbọ̀n fún ọmọ pírámárì karùn-ún kan, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ pupa, ó di Bàbá Kérésì. Ọmọbìnrin kan gbé bèbí onírọ́bà mọ́ àyà, òun ni Màríà. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, lẹ́yìn náà ni kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wọlé. Bí ẹ bá bi ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé ayẹyẹ kí ni èyí, ohun tó máa sọ ni pé, "Páátì ìparí sáà ni, sà." Kò purọ́. Sáà ló parí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí sáà kejì bá parí ní Oṣù Kẹrin, kì í sí irùngbọ̀n òwú, kì í sí Màríà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sí ìrẹsì pàápàá. (Ẹ má rò pé mo kórìíra jọ̀lọ́ọ̀fù o. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.)

Èmi ò rò pé olùkọ́ yẹn fẹ́ sọ ọmọ ẹnikẹ́ni di Kìrìsìtẹ́ẹ́nì. Kàlẹ́ńdà ló gbé Kérésìmesì fún un. Sáà mẹ́ta tí à ń lò, ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì, tó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní àwọn ọdún 1840, ni a ti jogún rẹ̀: họlidé Kérésì, họlidé Àjíǹde, àti họlidé gígùn. Ìyẹn ni pé ọdún onígbàgbọ́ ni òpó tí a ta sáà mọ́. Ẹ wá wo ọdún àwọn yòókù. Oṣù ojú ọ̀run ni Mùsùlùmí fi ń ka ọjọ́, nítorí náà Iléyá máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá súnwájú lọ́dọọdún. Ní 2017, 1 Oṣù Kẹsàn-án ló bọ́ sí. Ní 2018, 21 Oṣù Kẹjọ. Ní 2019, 11 Oṣù Kẹjọ. Ní 2020, 31 Oṣù Keje, nígbà tí àrùn kòrónà ti ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pa. Ọmọ tó wọ pírámárì kìíní ní Oṣù Kẹsàn-án 2016 ṣe Iléyá mẹ́rin yìí tẹ̀ léra, kò sí ọ̀kan tó bá a ní kíláàsì.

Ti oníṣẹ̀ṣe tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí tiwọn kì í sún. 20 Oṣù Kẹjọ ni Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ní 2023, ìjọba Èkó, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Ọ̀ṣun fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí rẹ̀, àwa náà sì pàtẹ́wọ́. Àmọ́ inú họlidé gígùn ni àwọn ọmọ wà. Oṣù Kẹjọ yìí kan náà ni ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo ń bọ́ sí. Ọmọ tí ilé rẹ̀ ń bọ Ọ̀ṣun á ka ìwé mẹ́fà ní pírámárì, olùkọ́ rẹ̀ kò ní rí i lọ́jọ́ ọdún rẹ̀ láéláé. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣe ìpàdé pé kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ìtàn wa kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ ìjọ, àwọn òbí Mùsùlùmí mọ ohun tó ń dé bá ọmọ wọn níbẹ̀. Ọmọ tó kúrò nílé ní Làsísì lè dé kíláàsì kó di Lawrence. Ìdí pàtàkì nìyẹn tí a fi dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tiwọn. Ní 17 Oṣù Kìíní 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, Awókọ́yà sì ni mínísítà tó gbé e ró. Lọ́dún yẹn nìkan, àwọn ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 800,000. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Wọ́n gba ilé, wọ́n gba olùkọ́, wọ́n ń san owó oṣù. Orúkọ ìjọ ṣì wà lára ògiri títí dòní, kàlẹ́ńdà ìjọ sì wà lára ògiri kíláàsì.

Ní ti òfin, kò sí òkùnkùn. Abala 38 ìwé òfin 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ kankan gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, tàbí kópa nínú ètò ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀ tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí, kódà kò gbọdọ̀ jẹ́ dandan fún un láti wà níbẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ti fa irú ọ̀rọ̀ yìí dé kóòtù. Ní Sioux Falls, ní ìpínlẹ̀ South Dakota, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ṣe eré Kérésìmesì kan ní 1977 tó jọ ìsìn. Àwọn òbí fárígá. Ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wá ṣe òfin pé a lè ṣe ọdún tó ní ìhà ti ẹ̀sìn àti ìhà ti ayé, bí a bá ṣàlàyé rẹ̀ láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, kí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá fẹ́ sì gbàyè. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Florey, tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 1980, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn dá ìgbìmọ̀ náà láre.

Mo fara mọ́ ìdájọ́ yẹn dé àyè kan. "Kí ọmọ gbàyè" ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọmọ ọdún méje kò mọ abala 38. Ohun tó mọ̀ ni pé àwọn ẹgbẹ́ òun wà nínú kíláàsì, òun sì wà lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú báàgì, òórùn ìrẹsì sì ń bá a níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ tó bá sọ ọmọdé di àlejò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, àgbàlagbà ló ń jẹ ẹ́, kì í ṣe ọmọ.

Èwo ni ká wá ṣe? Àwọn kan ní ká pa gbogbo ọdún rẹ́, kí ilé ẹ̀kọ́ máa kọ́ ABD àti ìṣirò. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ kò ṣeé ṣe. Ọjà á tì, bàbá á ra àgbò, aránṣọ á kó aṣọ dé. Olùkọ́ tó bá ṣe bí ẹni pé òun kò rí i, ó ń kọ́ ọmọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀ kò tó sọ.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti rí ọ̀nà àbáyọ. Ẹ wo ọdún Ojúde Ọba. Àwọn Mùsùlùmí ìgbà Balógun Kúkù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, pé ó jẹ́ kí wọ́n ṣe ẹ̀sìn wọn ní fàlàlà. Lónìí, onígbàgbọ́ wà nínú regbéregbé, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, ó dá aṣọ pẹ̀lú ẹgbẹ́, ó yan níwájú ọba, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Kí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe? Ọjọ́ kìíní Iléyá ni ìrun ní yídì, ti Mùsùlùmí nìkan. Ọjọ́ kẹta ni Ojúde Ọba, ti gbogbo ìlú. Ìjọsìn ti parí kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀, a sì mọ onílé, a mọ àlejò.

Ọjọ́ kẹta ni ti ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Kò ní iṣẹ́ kankan ní yídì, kò ní iṣẹ́ ní ibùjẹ ẹran, kò ní iṣẹ́ nínú igbó orò. Kí àwọn ọmọ lọ ṣọdún nílé wọn. Tí wọ́n bá wọlé padà, kí olùkọ́ fi wákàtí kan sílẹ̀: kí Rìsíkátù sọ bí wọ́n ṣe pín ẹran, kí Fábùnmi sọ ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ̀ṣe, kí Tósìn sọ ti Kérésìmesì rẹ̀, kí àwọn yòókù béèrè ọ̀rọ̀. Báyìí, Iléyá inú họlidé kò ní ṣòfò, ọdún Oṣù Kẹjọ náà á dé kíláàsì ní Oṣù Kẹsàn-án.

Mo mọ ẹni tí kò ní gbà. Òbí kan á ní òun kò fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ orúkọ òrìṣà. Àwọn kan ń sọ bẹ́ẹ̀ ní Brazil pẹ̀lú, láti ìgbà tí òfin 10.639 ti 2003 ti sọ ẹ̀kọ́ ìtàn àti àṣà Áfíríkà di dandan ní ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ìtìjú ńlá ni fún wa bí ọmọ ìlú Salvador ní Brazil bá lè sọ ẹni tí Ọ̀ṣun jẹ́ nínú kíláàsì láìbẹ̀rù, tí ọmọ Òṣogbo bá ní láti kọ́kọ́ wojú olùkọ́ rẹ̀. Ọmọ Ẹlẹ́rìí Jèhófà náà ńkọ́, tí ilé rẹ̀ kì í ṣe Kérésìmesì? Òun náà lè sọ ohun tí ilé rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ yẹn. Gbígbọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ẹni kò sì sọni di ẹlẹ́sìn mìíràn.

Ó ku ti owó, èmi kò sì ní fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Òfin UBE ti 2004 ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni. Wákàtí tí mo ń sọ yìí kò gba kúlà, kò gba aṣọ pupa, kò gba owó ìdáwó. Bí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ bá fẹ́ se ìrẹsì, kí wọ́n sè é ní ìparí sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n má sì kọ orúkọ ọmọ tí kò tíì san sára pátákó.