Èémí Yín Nínú Ẹ̀rọ PET-CT

Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá ya àwòrán PET-CT, àwòrán inú ara méjì lẹ̀rọ náà ń yà: ti CT àti ti PET. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ti CT. Ti PET ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan lójú ibì kan ṣoṣo, ẹ ó sì ti mí láìmọye ìgbà. Èémí kọ̀ọ̀kan ń ti ẹ̀dọ̀ sísàlẹ̀. Àwòrán méjèèjì lè má bára mu mọ́, kókó orí ẹ̀dọ̀ sì lè wá hàn bíi pé inú ẹ̀dọ̀fóró ló wà! Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń de bẹ́líìtì mọ́ àwọn mìíràn, kí kọ̀ǹpútà lè tọpa èémí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra máa mí wẹ́rẹ́.