Àlàpà Àgbẹ̀ Méjì: Bí Dalí Ṣe Bu Ọlá fún Millet



Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ti í bu ọlá fún ẹni ńlá. Àwòrán kan ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé ìwọ̀sí ni ẹni tí ó yà á fi kan àgbà rẹ̀.

Jean-François Millet, ọmọ àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé, ni àgbà náà. Láàrin ọdún 1857 sí 1859 ni ó ya àwòrán tí à ń pè ní L'Angélus. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan dúró nínú oko ní ìrọ̀lẹ́. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ti lù, wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin ṣí fìlà, obìnrin tẹrí ba, agbọ̀n wà nílẹ̀ láàrin wọn. Millet sọ pé ìyá ńlá òun ni òun rántí, ẹni tí kì í gbọ́ agogo náà lóko kí ó má dá gbogbo wọn dúró láti gbàdúrà fún àwọn òkú. Nígbà tí wọ́n ta àwòrán náà ní ju 550,000 fránkì lọ ní 1889, Millet ti kú láti 1875. Kọ́bọ̀ kò kàn án níbẹ̀.

Wọ́n tẹ ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri títí ọ̀kan fi dé ilé ẹ̀kọ́ kan ní Figueres, ní ilẹ̀ Sípéènì. Salvador Dalí, tí a bí ní 1904, sọ pé láti orí ìjókòó òun ni òun ti ń wò ó, tí ó sì ń da òun láàmú. Nígbà tí ó dàgbà, ó di ọ̀kan nínú àwọn Surrealist, àwọn tí wọ́n gbà pé ohun tí a rí lójú àlá kò kéré sí èyí tí a fi ojú lásán rí.

Láàrin 1933 sí 1935 ni ó ya tirẹ̀, pákó kékeré tí a lè gbé sí abíyá. Àgbẹ̀ méjèèjì ti di àlàpà gíga bí ilé ìṣọ́. Síbẹ̀ ọkùnrin ṣì tẹrí ba, obìnrin ṣì tẹ̀ síwájú. Nísàlẹ̀, bàbá kan àti ọmọ kan dúró, wọn kò tóbi ju èèrà lọ. Ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́bàá àlàpà agboolé bàbá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ẹ̀gàn.

Dalí tún ní òkú ọmọ ni àwọn méjèèjì ń dárò. Ìwé rẹ̀ lórí ọ̀ràn náà jáde ní 1963. Ilé Louvre, níbi tí iṣẹ́ Millet wà nígbà náà, fi X-ray yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n sì rí ohun kan bí àpótí lábẹ́ ọ̀dà, nítòsí agbọ̀n. Ṣé pósí ni? Èmi kò gbà á tán. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìyá ńlá Millet àti àdúrà rẹ̀. Àwa a máa kan fọ́tò olóògbé mọ́ ògiri gbọ̀ngàn, a kì í sì í wò ó mọ́. Dalí kò yé bi Millet léèrè fún ohun tí ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ilé àwòrán Dalí tí ó wà ní St. Petersburg, ní Florida, ni àlàpà náà wà. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi wo ọmọ kékeré ìsàlẹ̀ yẹn dáadáa.