Bẹ́ńṣì Kan fún Ṣọ́ọ̀bù Ìwé

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù wà lẹ́wọ̀n, ó ránṣẹ́ sí Tímótíù pé kí ó bá òun mú àwọn ìwé òun bọ̀ (2 Tímótíù 4:13). Ẹ ò rí i pé ìwé kì í ṣe nǹkan fàájì lásán.

Gbogbo wa la mọ "CMS" tí àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ máa ń pè. Ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì Church Missionary Society ni orúkọ náà ti wá, ilé ìtàwé wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó láti 1869. Jazzhole tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìkòyí ní 1991 fi ìwé, rẹ́kọ́ọ̀dù àti ìjókòó pọ̀ sójú kan. Ó dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò wọkọ̀ láti Ìkòtún dé Ìkòyí nítorí àtijókòó kàwé?

Lọ́dọ̀ tiwa, ìwé iléèwé ló pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ọmọ bá ṣí ìwé wò, wọ́n á ní, "Ṣé o fẹ́ rà á ni?" Ẹ má dá oníṣọ́ọ̀bù lẹ́bi o. Ìwé tó bá ti dọ̀tí kò ṣeé tà mọ́, owó ṣọ́ọ̀bù kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n bí ìjọ bá san owó ẹ̀dà kan péré, tí oníṣọ́ọ̀bù yà á sọ́tọ̀ fún kíkà, tí bẹ́ńṣì sì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rówó ìwé yóò rí i kà. Àwọn ìyá tó ń dúró de ọmọ yóò rí ibi jókòó bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní Sátidé, ọ̀kan nínú wa lè máa ka ìtàn Yorùbá sókè fún wọn.

Bẹ́ńṣì wà nílé mi, n ó gbé e wá. Ta ni yóò san owó ẹ̀dà àkọ́kọ́?