Orlando Martins: Ọmọ Èkó Lórí Ìtàgé Lọ́ńdọ̀nù



Àwọn kan nínú wa ní kí a má fi owó ẹgbẹ́ ran ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tíátà lọ́wọ́, nítorí pé eré kì í ṣe iṣẹ́. Kí ẹ tó dájọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan. Kì í ṣe ọmọ Ìfọ̀. Ọmọ Èkó tí ojú irin so mọ́ wa ni. Orlando Martins ni orúkọ rẹ̀, a sì bí i ní ọdún 1899.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, ó ń ko èédú sínú iná ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ogun ó fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé. Ó ru ẹrù ní ọjà ẹja Billingsgate, ó ja ìjàkadì, ó tilẹ̀ fi ejò dá àwọn òǹwòran lára yá. (Èmi kò ní sún mọ́ ibẹ̀!) Ní ọdún 1935 ó wà nínú fíìmù Sanders of the River, tí ó fi aláwọ̀ dúdú hàn bí ọmọdé tí òyìnbó ń tọ́. Èmi kò dá a lẹ́bi. Irú iṣẹ́ tí ó wà nígbà náà nìyẹn. Ní ọdún 1936 òun àti Paul Robeson jọ ṣe eré C. L. R. James nípa Toussaint Louverture, aṣíwájú ìjà òmìnira àwọn ẹrú Haiti.

Èyí tí ó wù mí jù ni The Hasty Heart, tí ó ṣe lórí ìtàgé, tí ó sì tún ṣe nínú fíìmù ọdún 1949 pẹ̀lú Ronald Reagan, ẹni tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1981. Ó ṣe Blossom, ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú kan nínú ilé ìwòsàn, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò mọ̀ ju kí ó pe orúkọ ara rẹ̀ lọ. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fún un! Ojú, ìdúró àti ẹ̀rín ni ó fi sọ ìyókù. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ẹ̀bùn ìlẹ̀kẹ̀ tí Blossom mú wá ni ó rọ ọkàn líle ọmọ Scotland tí ikú ń dúró dè, nítorí ẹni tí kò gbọ́ èdè kò lè mọ̀ nípa ikú náà, kí a tó wí pé àánú ni ó ṣe é.

Ní ọdún 1959 ó padà sílé. Ó ti pé àádọ́rin ọdún nígbà tí ó kópa nínú fíìmù Kongi's Harvest ní ọdún 1970, níbi tí Wole Soyinka fúnra rẹ̀ ti ṣe Kongi. Iṣẹ́ náà ni ó ṣe dàgbà, Èkó ni ó sì kú sí ní ọdún 1985.