Òǹkà Iṣẹ́ Ìlera: Ẹ̀rí Ni, Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, kò sí àní-àní pé òǹkà ni ojú tí alábòójútó fi ń rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé. Lóde òní, ojú kọ̀ǹpútà ni a ń to òǹkà iṣẹ́ ìlera sí: àwọ̀ pupa a fi ibi tí iṣẹ́ kù sí hàn, àwọ̀ ewé a fi ibi tí ó ti pé hàn. Dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ òǹkà náà, ǹjẹ́ òtítọ́ ni ó sì kọ?

Ìtàn àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní Òkè Ọya ni yóò dáhùn. Ní ọdún 2003, ìfura mú kí wọ́n dá oògùn àjẹsára rẹ̀ dúró ní Kánò àti àwọn ìpínlẹ̀ kan; àrùn náà sì padà sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí ó ti kúrò. Ní ọdún 2012, ọmọ 122 ni ó mú ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ sábà máa ń sọ pé iṣẹ́ ti pé. Àwọn òṣìṣẹ́ kan tilẹ̀ ń fi yíǹkì sàmì sí ìka ọmọ tí wọn kò kán oògùn sí lẹ́nu.

Ní ọdún yẹn ni ìjọba dá ibùdó àmójútó pàjáwìrì sílẹ̀ ní Àbújá. Wọ́n fi àwòrán láti ojú òfuurufú ya àwòrán ilẹ̀ àwọn abúlé. Wọ́n fún àwọn tí ń pín oògùn ní fóònù tí ń sọ ibi tí wọ́n rìn dé. Abúlé tí ẹsẹ̀ kò dé a hàn, wọn a sì padà síbẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò mìíràn tún ń yẹ ọmọ 60 wò ní ìjọba ìbílẹ̀ kan, láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn ọba àti àwọn ìmáàmù pẹ̀lú fi ẹnu ara wọn bá àwọn òbí sọ̀rọ̀. Ọmọ 122 di 53 ní 2013, ó di 6 ní 2014. Ní 2015, kò sí ọ̀kankan.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016, ọmọ mẹ́rin ni àrùn náà mú ní Borno, níbi tí ogun kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọ̀. Òfo tí ó wà nínú òǹkà kì í ṣe àlàáfíà fún wọn. Ẹnikẹ́ni kò rí wọn kà ni. Ìgbà tí ọ̀nà là dé ọ̀dọ̀ irú wọn ni ó tó ṣeé ṣe, ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, láti kéde pé oríṣi àrùn náà tí kì í ṣe ti ara oògùn ti kúrò ní Áfíríkà.

Nítorí náà, ẹni tí a bá fún ní ìwé àkọsílẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, ohun ìfọkàntán ni ó gbà. Kí ó kọ ohun tí ó ṣe, kí ó sì kọ ohun tí kò rí ṣe. Kí ọ̀gá má sì bú ẹni tí ó mú àwọ̀ pupa wá. Bí ó bá ń bú u, àwọ̀ ewé irọ́ ni yóò máa rí gbà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti rọ lẹ́sẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé, òtítọ́ náà kò ní gbé e dìde.