Ohun tí GPS Mọ̀ àti Ohun tí Akówọnjọ Mọ̀

 

Wíwọn ilẹ̀ àti yíya máàpù ni iṣẹ́ tí mo ń kọ́ni. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ kékeré tí àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ dánra wò ń dè mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wọn, èyí tó ń fi GPS sọ ibi tí èèyàn wà àti bó ṣe ń sáré tó, tó sì ń fi bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù hàn. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Ẹ̀rọ yìí mọ ibi tí a wà. Bí a bá lò ó dáadáa, ó lè sọ òótọ́ fún wa nípa ara wa. Ṣùgbọ́n kò mọ Akówọnjọ, àdúgbò wa yìí ní Alímọ̀ṣọ́, ní Èkó. Àwa ni a ó fi Akówọnjọ hàn án.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò lọ́kàn wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ńṣe ni sátẹ́láìtì ń ṣọ́ àwọn láti òkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sátẹ́láìtì GPS kò rí ẹnikẹ́ni. Ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà àti ohun tí aago wí ló ń kéde, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lé ní 24 tí wọ́n ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè, aago átọ́míìkì sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀rọ orí kẹ̀kẹ́ ń gbọ́ ni, kì í fèsì. Ó ń wo bí ìkéde kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó lọ́nà, ìyẹn ló fi ń mọ bí òun ṣe jìnnà sí sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan. Ìkéde náà ń rin nǹkan bí 300 mítà láàárín ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìdá ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí aago bá fi ìwọ̀n bíńtín yẹn ṣìnà, ẹni tó dúró ní ráńdábáòtù Akówọnjọ yóò bá ara rẹ̀ ní àdúgbò mìíràn lórí máàpù. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ náà fi ń wá sátẹ́láìtì mẹ́rin, ó kéré tán: mẹ́ta fún ibi tí ó wà, ẹ̀kẹrin láti tún aago tirẹ̀ ṣe, torí aago olówó pọ́ọ́kú ló wà nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin tó wà níbí mọ orúkọ Gladys West. Aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni, ọmọ àgbẹ̀, tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Virginia ní 1930. Ní 1956 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣirò ní ibùdó ọmọ ogun ojú omi ní Dahlgren. Níbẹ̀ ló ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣírò bí ayé ṣe rí gan-an, torí ayé kò rí róbótó geere bí a ṣe ń yà á sínú ìwé ọmọ iléèwé. Lórí irú ìṣirò yẹn ni GPS dúró. Ọdún 2018 ni ilé iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà tó yẹ́ ẹ sí. Lójú tèmi, ó pẹ́ jù.

Sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ nínú ètò GPS gòkè ní 1978, ètò náà sì pé ní 1995. Ṣùgbọ́n títí di oṣù karùn-ún ọdún 2000, Amẹ́ríkà ń mọ̀ọ́mọ̀ da ìkéde tí àwọn ará ìlú ń gbà rú, débi pé àṣìṣe rẹ̀ lè tó 100 mítà. Ní Akówọnjọ, 100 mítà ti wọ òpópónà mìíràn. Láti ìgbà tí wọ́n ti jáwọ́ nínú èyí ni àṣìṣe náà ti wá sí ìwọ̀n mítà díẹ̀, tí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ fi lè gbọ́kàn lé e.

Ìṣòro kan ṣì kù tó jẹ́ tiwa ju ti àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù lọ. A ò jìnnà sí ìlà agbedeméjì mágnẹ́ẹ̀tì ayé. Ìpele òfurufú kan wà lókè orí wa tí ìtànṣán oòrùn ń fi iná mànàmáná kún lọ́sàn-án. Bí oòrùn bá wọ̀, ìpele náà a dàrú, ìkéde sátẹ́láìtì tó ń gba inú rẹ̀ kọjá a sì máa ṣẹ́jú. Ó máa ń le sí i ní nǹkan bí oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án, àti ní àwọn ọdún tí ojú oòrùn bá ń ru gidigidi bí ó ti rí ní 2024. Nítorí náà, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ láago mẹ́jọ alẹ́, tó wá rí i pé ìlà ọ̀nà òun ń fò gba orí òrùlé kọjá, kó má sáré gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ fún oníṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kó má bàjẹ́ rárá. Abẹ́ afárá Dọ́pẹmu náà lè dí i létí fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Ìyẹn kò tó nǹkan.

Ó di ọ̀rọ̀ ara wa. Àṣìṣe tí mo rí jù lọ láàárín àwọn ọ̀dọ́ ni pé wọ́n ń fi eré dá ara wọn lẹ́jọ́. Wọ́n á ní, "Lónìí mo sá kìlómítà 27 ní wákàtí kan, lánàá mo sá 24, mo ti ń dára sí i." Kí ni eré náà gbé lé? Bí dáńfó ṣe dúró lójijì ní Dọ́pẹmu wà níbẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ kọjú sí àti bí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ ṣe gùn tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkàn ni kí ẹ máa bi. Okùn kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ àyà, tó ń ka lílù ọkàn, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ náà. Láti mọ ibi tí ọkàn yín lè sáré dé, ẹ ka ọjọ́ orí yín ní ọ̀nà 0.7, kí ẹ sì yọ èsì rẹ̀ kúrò nínú 208. Ìfojúbù ni o, ara ò dọ́gba. Ẹni ọdún 40 yóò rí lílù 180 ní ìṣẹ́jú kan. Ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 108 sí 126. Láàárín ìwọ̀n yẹn, èèyàn ṣì lè bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ geere láìmí hẹlẹ. Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀pọ̀ ìgùn wa wà, torí ibẹ̀ ni ara ti ń kọ́ ìfaradà. Ohun tí àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú yín ń fi hàn yàtọ̀: gbogbo Sátidé ni ìdíje. Ó máa ń rẹ ara, kì í sì í jẹ́ kó tẹ̀síwájú.

Ooru Èkó náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú, ara á máa darí ẹ̀jẹ̀ sí awọ láti tu ara rẹ̀, òógùn á máa dín omi ara kù, ọkàn á wá máa sáré sí i bí ẹsẹ̀ kò tilẹ̀ ṣe ju iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà ní 120 láago mẹ́fà lè rí 140 láago mẹ́wàá lórí ọ̀nà kan náà. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rò pé agbára òun ti ń lọ. Àtilọ ìdájí ló dára jù fún wa, ẹ fi èyí sọ́kàn títí n ó fi dé ọ̀rọ̀ géètì àdúgbò.

Ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń wọn agbára tí ẹsẹ̀ ń tì sí pẹ́dà ní wáàtì. Ará Jámánì kan, Ulrich Schoberer, ló dá ilé iṣẹ́ SRM sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1986. Àṣà ni pé kí èèyàn fi gbogbo agbára gun kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 20, kó sì mú ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún wáàtì tó rí gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n agbára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ní Alímọ̀ṣọ́ ni èèyàn ti fẹ́ sáré àsápajúdé fún ìṣẹ́jú 20 láìdúró, tí kò ní í fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu? Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ ṣe é lórí kẹ̀kẹ́ tí a gbé dúró nínú ilé. Bí owó kò bá pọ̀, ẹ ra akoto àti iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ná, kí okùn àyà tẹ̀ lé e.

Ní oṣù kẹsàn-án 2025, Kigali gba àlejò ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé ti orí títì, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdíje yẹn dé ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ọ̀dọ́ wa wò ó, inú wọn sì dùn. Ṣùgbọ́n orí òkè ni Kigali wà, ilẹ̀ tiwa sì tẹ́jú. Àkọsílẹ̀ òkè gígùn nínú ẹ̀rọ yín kò ní í tàn yín nípa èyí. Abẹ́òkúta, tó lé ní 60 kìlómítà sí wa, ti ní òkè díẹ̀. Ìdánrè àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ló ní òkè tó ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà ń fi ìtẹ̀mọ́ afẹ́fẹ́ wọn gíga. Ṣùgbọ́n bí òjò bá dí ihò kékeré ara rẹ̀, ó lè ní ẹ gun òkè tí ẹ kò gùn.

Ó wá kan ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ń lo máàpù tí wọ́n fà yọ látinú OpenStreetMap, iṣẹ́ tí Steve Coast bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí. Bí ẹ bá ní kó mú yín láti Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ṣáṣá láago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ó lè gbé yín gba òpópónà inú kọjá torí ó kúrú. Ẹ ó wá bá géètì. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ló ṣe é nítorí olè, ọlọ́dẹ ló mú kọ́kọ́rọ́ dání, aago tó ń ṣí i sì yàtọ̀ láti òpópónà kan sí èkejì. Ẹ̀rọ ṣì ń ké pé kí ẹ máa lọ tààrà. Kò purọ́, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ni. Bákan náà ni kò mọ òpópónà tí omi ń gbà lóṣù keje. Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní oṣù kẹfà 2022, Alímọ̀ṣọ́ kò sí lára wọn, nítorí náà a ṣì ń bá ọ̀kadà pín ọ̀nà, títí kan èyí tó ń kọjú sí wa bọ̀. Máàpù kò lè fi ìyẹn hàn. Ojú ni yóò rí i, kì í sì í ṣe ojú tó wà lórí gíláàsì ẹ̀rọ. Ẹ wo ọ̀nà yín nílé kí ẹ tó jáde. Ẹ jẹ́ kí ìró sọ ibi tí ẹ ó ti yà. Bí ẹ bá dé Dọ́pẹmu, ẹ gbàgbé pé ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́.

Ẹ tún ṣọ́ àkọsílẹ̀ yín. Ní oṣù kìíní 2018, ayé rí i pé máàpù tí Strava, áàpù tí àwọn eléré ìdárayá fi ń kọ ìrìn wọn sílẹ̀, ṣe látinú eré sísá àwọn oníbàárà rẹ̀ ti tú àṣírí ibùdó ológun. Bí ó bá lè tú ti ológun, ó lè fi ẹnu ọ̀nà ilé yín han ẹni tó fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ yín. Ẹ bo ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìrìn yín. Strava ní ètò fún un.

Ohun tí mo bá wá nìyí. Ìkànìyàn 2006 fi hàn pé àwa tí a wà ní Alímọ̀ṣọ́ lé ní mílíọ̀nù kan, síbẹ̀ díẹ̀ ni àwọn tó ń kọ òpópónà wa sínú máàpù OpenStreetMap. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ, ẹ ti ní ìlà gbogbo ibi tí ẹ gbà. Ohun tó kù ni orúkọ òpópónà, ibi tí géètì wà, aago tó ń ṣí àti èyí tó ń tì, àti bóyá ọ̀dà ni ilẹ̀ náà tàbí yẹ̀pẹ̀. OpenStreetMap ní àyè fún gbogbo rẹ̀. Mo rọ̀ yín kí àwọn ará Ṣáṣá mú apá tiwọn, kí àwọn ará Ẹ̀gbẹ́dá mú láti ibùdókọ̀ Vulcanizer lọ, kí àwọn ará Ìdímù bá wọn pàdé lójú ọ̀nà Ìgàndò. Ẹ bi ọlọ́dẹ léèrè, ẹ sì kí i dáadáa, torí òun ló mọ aago géètì ju gbogbo wa lọ. Kọ̀ǹpútà mi wà lórí tábìlì ẹ̀yìn yẹn. Bí a bá ti dáhùn ìbéèrè tán, a ó jókòó sí i, a ó sì kọ àwọn géètì tó wà láàárín ibí àti ráńdábáòtù sínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.