Òjé Inú Ẹ̀jẹ̀: Ẹ̀rọ Wo Ni Ká Gbà Gbọ́?
(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tó wáyé ní Moniya, Ìbàdàn)



Ní ọdún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tó jẹ́ ìran Nàìjíríà wò, wọ́n bá òjé níbẹ̀: máíkírógíráàmù 13 nínú dẹsílítà kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bó bá ti pé 5, ká wá ibi tó ti ń wọlé. Tìróò tí wọ́n kó wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń lé fún ọmọ náà, ni wọ́n tú wò. Òjé kó ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀! Tìróò tí gbogbo wa mọ̀ ni mò ń wí o.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka òjé inú ẹ̀jẹ̀? Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń jẹ́ LeadCare, tó ṣeé gbé kiri. Wọ́n á gún ọmọ níka, wọ́n á po ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ mọ́ oògùn tó ń tú sẹ́ẹ̀lì pupa, torí inú sẹ́ẹ̀lì pupa ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà tán. Iná mànàmáná á fa òjé jọ sójú kan, á tún ṣí i kúrò níbẹ̀, bí iná yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀rọ ń kà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré! Òun ni wọ́n gbé lọ sí Zamfara lọ́dún 2010, nígbà tí eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà pa ọmọ tó ju 400 lọ. Ṣùgbọ́n kò lè kà kọjá 65. Ọ̀pọ̀ ọmọ Zamfara kọjá ibẹ̀, “ó ga” nìkan ló sì ń kọ. Dókítà kò lè tibẹ̀ mọ̀ bóyá 70 ni tàbí 300.

Àwọn ẹ̀rọ ńlá inú láàbù kò ní ìṣòro yìí. Ọ̀kan ń mú ẹ̀jẹ̀ gbóná gan-an títí òjé fi di oru, wọ́n á wá tan ìmọ́lẹ̀ gba inú oru náà kọjá. Èkejì, ICP-MS, ń fi ìwúwo mọ òjé, ó sì lè jẹ́ ká fi òjé inú ẹ̀jẹ̀ wé ti inú ilẹ̀ tàbí ti inú tìróò. Àmọ́ ó ń fẹ́ gáàsì argon, ó ń fẹ́ iná tí kì í ṣẹ́jú. Ẹ̀yin náà mọ bí iná tiwa ṣe rí.

Ibi tó ń ká mi lára nìyí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi ẹ̀jẹ̀ inú iṣan sínú ẹ̀rọ kékeré LeadCare mọ́, torí ó lè ka òjé kéré sí bó ṣe wà. Ní ti ẹ̀jẹ̀ ìka, bí ọwọ́ ọmọ ẹni tó ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe bá dọ̀tí, eruku òjé lè jẹ́ kí èsì ga ju bó ṣe yẹ lọ. A ó fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ náà, a ó tún àyẹ̀wò náà ṣe, a ó gba ti inú iṣan lọ sí láàbù ńlá. Èyí tó kà á kéré ńkọ́? Ṣe ni wọ́n á ní kí ìyá gbé ọmọ lọ sílé, wọ́n á sì tún lé tìróò fún un.

Nítorí náà, bí ẹ bá gba ìwé èsì, ẹ bi wọ́n: ẹ̀jẹ̀ ìka ni àbí ti iṣan? Ẹ̀rọ wo ló kà á? Kí wọ́n sì kọ méjèèjì sórí ìwé náà.